Ìkéde bọ́jẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ìjíhìn: ẹ̀yin ìjọba Èkó, ẹ ka owó wa fún wa

1/
Lọ́dọọdún ni gómìnà Èkó máa ń jókòó síwájú kámẹ́rà, á mú bírò, á buwọ́ lu bọ́jẹ́ẹ̀tì, àwọn tó yí i ká á pàtẹ́wọ́, àwa náà á sì máa gbé àwòrán ẹ̀ kiri. Ti ọdún 2025, tírílíọ̀nù mẹ́ta náírà àti bílíọ̀nù 366 ni. Wọ́n tiẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ bí ọmọ tuntun: "Budget of Sustainability." Ó dáa, ọmọ á dàgbà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní: èló nínú ẹ̀ ló dé àdúgbò yín?

2/
Ẹ má dá mi lóhùn, mo mọ̀ pé ẹ ò mọ̀. Ìyá tó ń ta tòmátì ní Mile 12 ò mọ̀. Ẹni tó kàwé ìṣirò owó, tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì ní Victoria Island, kò mọ̀. Kì í ṣe pé orí wa kú. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ròyìn owó fún wa ni kì í jẹ́ ká mọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀ o, ẹ wá ibi jókòó sí. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju gbólóhùn kan lọ: ìkéde ni wọ́n ń ṣe fún wa, wọn ò jíhìn.

3/
Ìkéde ni: "A máa ná iye báyìí." Ìjíhìn ni: "Iye báyìí wọlé, iye báyìí jáde, ẹni tó gbà á nìyí, iṣẹ́ tó fi ṣe nìyí, àdúgbò tí iṣẹ́ náà wà nìyí, iye tó ṣẹ́ kù nìyí." Ìlérí ni bọ́jẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó ń pàtẹ́wọ́ fún bọ́jẹ́ẹ̀tì dà bí ẹni tó ń dúpẹ́ mọ́tò lọ́wọ́ ẹni tó ní òun máa rà á fún un lọ́dún tó ń bọ̀.

4/
Ẹ wo káàdì àjọ. Àwọn ìyá wa lọ́jà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò dé sẹ́kọ́ńdírì. Ṣùgbọ́n káàdì wà lọ́wọ́ wọn, àpótí tó wà lára ẹ̀ jẹ́ iye ọjọ́ tó wà nínú oṣù. Ọjọ́ tí wọ́n bá san, alájọ á fàmì sí i. Wọ́n mọ̀ pé owó ọjọ́ kan nínú oṣù ni ti alájọ, kò sẹ́ni tó fi pamọ́ fún wọn. Níparí oṣù, wọ́n á kó owó lélẹ̀, wọ́n á kà á. Ó parí.

5/
Kí alájọ náà wá dé lọ́jọ́ ìkẹyìn oṣù, kó ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, mo ti fi owó yín sínú ètò ìdàgbàsókè onípele mẹ́ta. Ẹ lọ ka fáìlì tó wà lórí ìkànnì mi." Ẹ̀yin náà mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Wọ́n á tú gèlè, wọ́n á fi gbàjá, ọjà ò ní tà lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá ní ará ìlú ò mọ ìṣirò owó, kó lọ jẹ owó àjọ ọlọ́jà kó wò ó.

6/
N ò ní parọ́ mọ́ ìjọba. Nǹkan ti sàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìgbà kan wà tó jẹ́ pé bí awo ni bọ́jẹ́ẹ̀tì ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ rí ní Nàìjíríà. Lọ́dún 2018, Báńkì Àgbáyé gbé ètò kan dé tí wọ́n ń pè ní SFTAS. Ìpínlẹ̀ tó bá gbé bọ́jẹ́ẹ̀tì ẹ̀ sórí ayélujára lásìkò, tó ń gbé ìròyìn bó ṣe ń náwó jáde lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, tó sì jẹ́ kí wọ́n yẹ ìwé owó ẹ̀ wò, á gbowó. Àpapọ̀ owó ètò náà jẹ́ bílíọ̀nù kan ààbọ̀ dọ́là. Ọdún 2022 ló parí.

7/
Ẹ ro ìyẹn dáadáa. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ará ìlú fi ń kanlẹ̀kùn, kò ṣí. Dọ́là kanlẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan, ó ṣí. Ìyẹn ni pé wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe, wọn ò kàn rí ìdí tí wọ́n á fi ṣe é fún àwa. Torí ẹ̀ náà ni ìròyìn yẹn fi rí bó ṣe rí: ẹni tó máa sanwó ni wọ́n kọ ọ́ sí, kì í ṣe ẹni tó ń gbé Àjẹgúnlẹ̀.

8/
Ẹ ṣí ìwé bọ́jẹ́ẹ̀tì náà wò. Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ojú ewé. Iléeṣẹ́ ìjọba ni wọ́n fi pín in, kóòdù ló wà níwájú ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹ lè rí "àtúnṣe ojú ọ̀nà" pẹ̀lú owó gọbọi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ọ̀nà wo? Ẹ máa wá orúkọ òpópónà yín títí dátà yín á fi tán. Ará ìlú kì í gbé inú iléeṣẹ́ ìjọba, òpópónà là ń gbé. Ìròyìn tí kò bá dárúkọ òpópónà, lẹ́tà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń kọ síra wọn ni.

9/
Ìròyìn oṣù mẹ́ta mẹ́ta ńkọ́? Ó wà, n ò ní sọ pé kò sí. Á sọ fún yín pé iléeṣẹ́ báyìí ti ná ìdá báyìí nínú ọgọ́rùn-ún owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un. Ó ń sọ pé owó ti jáde. Kò sọ pé iṣẹ́ ti délẹ̀. Ẹ fún káfíńtà lówó tábìlì, ẹ mọ̀ pé owó ti kúrò lápò yín. Ṣé orí rìsíìtì lẹ máa gbé oúnjẹ lé?

10/
Bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tí wọ́n ń pè ní bọ́jẹ́ẹ̀tì ará ìlú. Ìwé pẹlẹbẹ, àwọ̀ mèremère, àwòrán róbótó kan tí wọ́n gé bíi kéèkì: ti ètò ẹ̀kọ́ rèé, ti ìlera rèé, ti ọ̀nà rèé. Ó wuyì lójú. Ṣùgbọ́n kéèkì tí wọn ò tíì yan ni wọ́n yà. Ẹni tó jẹ ẹ́ níkẹyìn, kò sí nínú àwòrán.

11/
Èdè wá ńkọ́? Lọ́dún 2018, Gómìnà Ambode buwọ́ lu òfin tó ní kí wọ́n máa kọ́ Yorùbá ní gbogbo iléèwé Èkó, ti ìjọba àti ti aládàáni. Inú mi dùn sí i. Ọmọ náà á wá mọ Yorùbá kà. Ìwé wo ni ìjọba máa kọ sí i? Ìwé owó tí àwọn aṣòfin fọwọ́ sí, Gẹ̀ẹ́sì ni láti òkè délẹ̀. Nígbà ìpolongo ìbò, wọ́n mọ Yorùbá sọ, wọ́n mọ oríkì ìdílé wa, wọ́n tún mọ Ègùn tí wọ́n á fi kí ará Àgbádárìgì. Tó bá ti kan owó, èdè á wọ́n lẹ́nu wọn.

12/
Ẹlòmíì á ní, "Ọmọbìnrin yìí, kí ló kàn ẹ́?" Òjò ló kàn mí. Ilẹ̀ Èkó lọ sílẹ̀, òkun lápá kan, ọ̀sà lápá kan. Bí òjò oṣù Kẹfà sí Keje bá dé, tí gọ́tà bá dí, yàrá lomi ń wọ̀. Mátíráàsì á máa léfòó. Ọlọ́jà á máa kó àpò ìrẹsì tó ti rin síta. Lọ́dọọdún ni owó gọ́tà wà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì, lọ́dọọdún lomi ń wọlé.

13/
Ó lè jẹ́ pé owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ kò tó. Ó lè jẹ́ pé ó tó, wọn ò san án. Ó lè jẹ́ pé wọ́n san án, ẹni tó gbà á kò ṣiṣẹ́. Ó tiẹ̀ lè jẹ́ pé ó ṣiṣẹ́, àwa la da ọ̀rá àti ike omi sínú gọ́tà. Àìsàn mẹ́rin ni, oògùn wọn ò jọra. Níbi tí kò bá sí ìjíhìn, èébú nìkan loògùn tó kù, òun náà la sì fi ń wo gbogbo ẹ̀. Ìjíhìn kì í ṣe nǹkan olóṣèlú. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ìlú ni.

14/
Ìpínlẹ̀ ṣì sàn o. Ẹ jẹ́ ká sọ̀kalẹ̀ sí káńsù. Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀: títì inú àdúgbò, gọ́tà, ọjà, gáréèjì, odò ẹran, ibi ìsìnkú, ilé ìyàgbẹ́ ìgboro, ìforúkọsílẹ̀ ọmọ tuntun. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ máa bá pàdé kẹ́ ẹ tó dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀. 20 ni ìwé òfin kà fún Èkó. Ìjọba Èkó fi LCDA 37 kún un. Alága 57 nìyẹn. Síbẹ̀, tí gọ́tà bá dí, káńsù á ní ti ìpínlẹ̀ ni, ìpínlẹ̀ á ní ti káńsù ni.

15/
Ẹ bá mi ṣe nǹkan kan báyìí. Ẹ lọ sórí ayélujára, ẹ wá bọ́jẹ́ẹ̀tì káńsù yín ti ọdún yìí. Ẹ tún wá ìròyìn bí wọ́n ṣe ná ti èṣí. Tẹ́ ẹ bá rí méjèèjì, ẹ gbé e sábẹ́ ọ̀rọ̀ yìí. Màá bá yín gbé e kiri, màá yin alága yín ní gbangba, màá ṣe fídíò fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Mo sọ ọ́, kò sí àwàdà níbẹ̀.

16/
Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tẹ́ ẹ máa tètè rí. Alága ń pín ìrẹsì. Alága ń pín maṣíìnì ìránṣọ. Alága ń pín fọ́ọ̀mù JAMB. Alága dúró ti ẹ̀rọ ìlọta, ó ń rẹ́rìn-ín. Owó ta ni wọ́n fi ra ẹ̀rọ ìlọta? Owó wa. Èló ni wọ́n rà á? Kò sí níbẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe mú àwọn tó gbà á? Kò sí níbẹ̀. Ẹnì kan fi owó ẹ ra ẹ̀bùn fún ẹ, ó tún lẹ fọ́tò ara ẹ̀ mọ́ ọn, ó ní kó o kúnlẹ̀ dúpẹ́. Àbí kí lẹ fẹ́ kí n pè é?

17/
Mo ti lọ sí káńsù kan fúnra mi. N ò ní dárúkọ ẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn dáadáa, mo ní mo fẹ́ wo bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún yìí. Bàbá tó wà nídìí tábìlì wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ta ló rán ẹ?" Mo ní kò sẹ́ni tó rán mi, sà. Wọ́n ní, "Ẹgbẹ́ òṣèlú wo lo wà?" Mo ní n ò sí nínú ẹgbẹ́ kankan, àdúgbò yìí ni mò ń gbé. Wọ́n ní ọ̀gá ò sí nílé, kí n padà wá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo padà lọ.

18/
Bàbá yẹn kì í ṣe èèyàn burúkú. Wọ́n fún mi lága, wọ́n ní kí n mumi. Ohun tó dùn mí ni pé lójú wọn, ẹni tó bá béèrè owó ìlú, ọ̀tá ló rán an. Kò wá sí wọn lọ́kàn pé ará àdúgbò lásán lè béèrè. Ibi tá a bá ọ̀rọ̀ yìí dé nìyẹn: ìbéèrè ti di ẹ̀sùn.

19/
Bẹ́ẹ̀, owó tó ń wọlé kì í ṣe àṣírí. Láti ọdún 2004, nígbà tí Ngozi Okonjo-Iweala jẹ́ mínísítà ètò ìṣúná lẹ́ẹ̀kíní, ni ìjọba àpapọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé iye tó ń kan ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan lóṣooṣù jáde fún gbogbo ayé. Ẹnu ọ̀nà iwájú níná. Ẹ̀yìnkùlé tí owó ń gbà jáde ló ṣókùnkùn.

20/
Ó tún ku owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wa tààrà: tíkẹ́ẹ̀tì ọjà, tíkẹ́ẹ̀tì gáréèjì, owó ṣọ́ọ̀bù. Ìyá aláta san tiẹ̀ láàárọ̀ kó tó ta ata kan ṣoṣo. Pépà kékeré tí wọ́n fún un, ó fi há abẹ́ àwo, kí ẹlòmíì má bàa tún wá gbà á. Ó ní ẹ̀rí pé òun san. Káńsù ò fún un ní ẹ̀rí pé àwọn ná an síbi tó yẹ. Ṣé ẹ rí i bí? Tálákà ló ń fi rìsíìtì han ìjọba.

21/
Lọ́jọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ bá wọn tààrà, kí gómìnà má di owó wọn mú mọ́, kí káńsù tí ará ìlú ò dìbò yàn má sì fọwọ́ kan án. Ìgboro dún. Èmi náà yọ̀. Láti ìgbà náà, ìbéèrè tí gbogbo èèyàn ń béèrè ni pé ìgbà wo ni owó máa dé ọ̀hún. Ìbéèrè kejì ni kò gbajúmọ̀: tó bá dé tán, ta ló máa jíhìn ẹ̀ fún wa?

22/
Torí bí kò bá sí ìjíhìn, a kàn gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n, a gbé e fún àbúrò ni. Yàrá náà ṣì wà ní títì, àwa ṣì wà níta. Òmìnira owó tí kò ní ìjíhìn nínú, òmìnira alága ni. Kò kan ará ìlú.

23/
Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àṣà òyìnbó ni ká máa béèrè owó ìlú. Lọ́dún 1947, àwọn obìnrin Abẹ́òkúta, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ló ṣáájú wọn, dìde sí owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin. Ẹ̀ ń gbowó lọ́wọ́ wa, kò sí obìnrin kankan níbi tẹ́ ẹ ti ń pinnu bẹ́ ẹ ṣe máa ná an. Wọn ò ní fóònù, wọn ò ní hashtag. Wọ́n lọ jókòó síwájú ààfin. Owó orí obìnrin dúró, nígbà tó sì di oṣù Kìíní ọdún 1949, Aláké Adémọ́lá fi orí oyè sílẹ̀.

24/
Lọ́dún 1968 sí 1969, àwọn àgbẹ̀ abúlé Ìbàdàn àti agbègbè ẹ̀ dìde: Agbẹ́kọ̀yà. Owó orí ń wúwo, owó kòkó ò tó nǹkan, ọ̀nà oko bàjẹ́. Wọn ò rí ohun tí owó wọn ń ṣe. Ẹ̀mí ṣòfò nínú ìjà yẹn, kí ìjọba tó dín owó orí kù. Ohun tí àìjíhìn máa ń bí lọ́jọ́ ogbó ẹ̀ nìyẹn. Ó sàn ká ka owó lásìkò ju ká ka òkú lọ.

25/
Ó yá, àwọn àwáwí. Àkọ́kọ́: "Tí wọ́n bá gbé e jáde, ta ló máa kà á?" Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ mọ iye tí wọ́n ra agbábọ́ọ̀lù, iye tí wọ́n ń san fún un lọ́sẹ̀, ọjọ́ tí àdéhùn ẹ̀ máa tán. Ẹ mọ iye aṣọ ìgbéyàwó gbajúmọ̀ tẹ́ ẹ ò bá tan. Iye tí wọ́n fi gbẹ́ gọ́tà iwájú ilé yín lẹ ò wá ní kà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú wa.

26/
Ìkejì: "Owó ńlá ló máa gbà, káńsù ò ní agbára ẹ̀." Ní Brazil, òfin kan jáde lọ́dún 2009 tó ní kí gbogbo ìjọba, títí dé ti ìlú kékeré, máa gbé owó tó wọlé àti owó tó jáde sórí íńtánẹ́ẹ̀tì bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ìlú tí èèyàn ẹ̀ ju 100,000 lọ gba ọdún kan láti múra. Èyí tí kò tó 50,000 gba ọdún mẹ́rin, wọ́n sì ní kó ṣe é. Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, èèyàn Alímọ̀ṣọ́ nìkan lé ní mílíọ̀nù kan. Ẹ fi wéra.

27/
Ìkẹta: "Ọ̀rọ̀ ààbò ni, a ò lè tú u síta." Gọ́tà kì í ṣe àṣírí ológun. Kò sí ọ̀tá tó máa fi iye búlọ́ọ̀kù ilé ìyàgbẹ́ ọjà gbógun tì wá.

28/
Ìkẹrin: "Ṣé ti àwọn òyìnbó wá dáa ni?" Rárá, kò dáa délẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, káńsù Birmingham ní England kéde pé owó òun ò lè ká ìnáwó òun mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo èyí: ẹ̀gbọ́n yín tó ń gbé Peckham lè wo gbogbo ìnáwó káńsù ẹ̀ tó ju 500 pọ́n-ùn lọ, torí òfin ní kí wọ́n gbé e jáde. Lọ́dọọdún, ó ní ọgbọ̀n ọjọ́ iṣẹ́ tó lè fi lọ yẹ ìwé owó káńsù wò, kó sì bi ayẹ̀wé-owó-wò ní ìbéèrè. Ìjíhìn kì í sọ ìjọba di mímọ́. Ó kàn ń jẹ́ kẹ́ ẹ rí ibi tó ti ń jò kí ilé tó wó.

29/
Ìkarùn-ún ni mo bínú sí jù: "Nàìjíríà nìyí, kò lè ṣeé ṣe." Ó ti ṣeé ṣe rí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, Ààrẹ Buhari ṣí ìkànnì kan tí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ gbọ́dọ̀ máa kọ owó tí wọ́n san lójoojúmọ́ sí, láti mílíọ̀nù márùn-ún náírà sókè. Ará ìlú rí orúkọ ẹni tó gbowó àti ohun tí wọ́n ló gbà á fún. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ìjíhìn tó bá dúró lórí inúure ọ̀gá, ọjọ́ tí inú ọ̀gá bá yí, ó tán.

30/
Torí ẹ̀, òfin lẹ jẹ́ ká dì mú. Láti ọdún 2011 ni òfin kan ti wà tí wọ́n ń pè ní FOI. Ẹnikẹ́ni lè béèrè ìwé lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba. Ẹ ò ní láti sọ ìdí tẹ́ ẹ fi fẹ́ ẹ. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti dá yín lóhùn. Tí adájọ́ bá rí i pé wọ́n fi dù yín láìtọ́, owó ìtanràn jẹ́ 500,000 náírà. Àwọn ìpínlẹ̀ kan máa ń sọ pé òfin yẹn ò kan àwọn. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní ó kàn wọ́n. Ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

31/
Ohun tẹ́ ẹ máa kọ kò ju ìlà mẹ́ta lọ: "Lábẹ́ òfin FOI ti ọdún 2011, mò ń béèrè bọ́jẹ́ẹ̀tì káńsù yìí ti ọdún yìí, ìròyìn iye tó wọlé àti iye tó jáde lọ́dún tó kọjá, àti orúkọ iṣẹ́, òpópónà, agbaṣẹ́ṣe àti iye owó gbogbo iṣẹ́ tẹ́ ẹ ṣe ní wọ́ọ̀dù mi." Ẹ kọ ọjọ́ sí i. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tiyín. Òǹtẹ̀ yẹn ni káàdì àjọ yín.

32/
Ẹ̀yin alága káńsù àti gómìnà wa, ohun tá a fẹ́ ò pọ̀.
Ojú ewé kan fún wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, tí òpópónà, agbaṣẹ́ṣe, iye owó àti ibi tí iṣẹ́ dé wà nínú ẹ̀.
Kó wà ní Yorùbá, ní Gẹ̀ẹ́sì, ní pijin, àti ní Ègùn fún ará Àgbádárìgì.
Kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri káńsù, ọjà àti ilé ìwòsàn, kẹ́ ẹ sì fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp.
Fáìlì tó ṣeé ṣírò, kì í ṣe fọ́tò pépà tó wọ́.
Lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́fà, kẹ́ ẹ dúró níwájú wa bí akápò ẹgbẹ́, kẹ́ ẹ kà á sókè, ká bi yín ní ìbéèrè.

33/
Kò sí nǹkan tuntun nínú ìkankan nínú ẹ̀. Ẹgbẹ́ onílé ń ṣe é. Ìjọ ń ṣe é. Ẹgbẹ́ aláṣọ ẹbí tó ń kó owó jọ fún ọjọ́ kan péré ń ṣe é, wọ́n tún ń jà lé ẹgbẹ̀rún méjì tó ṣẹ́ kù. Akápò tí kò bá ka owó, wọ́n á yọ ọ́ kílẹ̀ tó mọ́. Ìgbà tó bá kan tírílíọ̀nù la máa ń ní, "Ọlọ́run á ṣe ìdájọ́." Ọlọ́run á ṣe tiẹ̀. Kí àwa náà ṣe tiwa.

34/
Torí àwa náà lọ́wọ́ nínú ẹ̀. Ọjọ́ tí bọ́jẹ́ẹ̀tì bá jáde, a máa pariwo tírílíọ̀nù fún ọjọ́ kan. Ọjọ́ kejì, ọ̀rọ̀ mìíràn ti dé. Ẹ mọ orúkọ gómìnà, ẹ mọ orúkọ ààrẹ Amẹ́ríkà. Ta ni káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín? Oṣù Keje ọdún 2025 ni wọ́n dìbò ìjọba ìbílẹ̀ ní Èkó. Wọ́n ti wà nídìí iṣẹ́. Ẹni tó sún mọ́ owó gọ́tà yín jù, ẹ ò mọ orúkọ ẹ̀. Olè ò ní ọ̀rẹ́ tó dà bí onílé tó ń sùn.

35/
Ó tó. Ẹ kọ orúkọ káńsù yín sísàlẹ̀, kẹ́ ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ mú lẹ́tà lọ sí i. N ò fẹ́ èébú, n ò fẹ́ orúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú. Káńsù àti ọjọ́ nìkan. Tó bá di ọjọ́ kẹjọ, a ó jọ ka èsì tó wọlé, a ó sì ka iye káńsù tó dákẹ́.